Oògùn Ọrùn Gbajúmọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ẹ gbà mí o! Níṣojú oníbàárà mẹ́ta ni ìtìjú ti bá mi lónìí. Nọ́ọ̀sì tí mo rán aṣọ iṣẹ́ funfun fún wọ aṣọ náà wò níwájú dígí. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bó ṣe figbe ta. Eégbọn ni! Ó tóbi tó hóró ẹ̀wà, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lórí kọ́là bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ránṣọ, ojú ò tì mí tó báyìí rí.

Igbe yẹn ló gbé Ìyá Onílé jáde, nítorí ògiri kan ló wà láàárín yàrá wọn àti ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n wo eégbọn, wọ́n wò mí, wọ́n gbójú sókè síbi tí Gbajúmọ̀, ajá Màámi, ti ń gbó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní, "Télọ̀, mo fẹ́ràn ìwọ àti ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, màá gòkè wá wo ajá yẹn fúnra mi. Bí mo bá rí eégbọn kan ṣoṣo lára ẹ̀, ajá á kúrò nílé mi."

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, mà." Kí ni mò ń dúpẹ́ fún? Orí mi ti dàrú.

Mo gòkè lọ sọ fún Màámi. Wọ́n ń fún aṣọ lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ibi tí Gbajúmọ̀ bá ń lọ, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ." Mo mọ ibi tí wọ́n ń sọ. Ilé tí Bàámi fi sílẹ̀ ni, níbi tí Màámi ti ṣubú ní balùwẹ̀, tó jẹ́ pé bí Gbajúmọ̀ ò bá gbó láti alẹ́ dọ̀sán ọjọ́ kejì kí aládùúgbò tó ráyè wá wò, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ. Kí wọ́n tún padà lọ máa dá gbé ibẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àbúrò mi pè. Ó ní, "Ẹ fún ẹlòmíì ní ajá yẹn jàre, Màámi á gbàgbé." Mo ní ó dáa, kó bá Màámi sọ̀rọ̀, mo fẹ́ gbé fóònù fún wọn. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa lọ́dọ̀ òun.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, èmi àti Màámi mú Gbajúmọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọdé ni dókítà ọ̀hún, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣí etí ajá, ó yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò, ó ní, "Hùn-ún. Mọ̀lẹ́bí ńlá ló ń gbé níbí." Irú méjì ló ní ó wà níbẹ̀: eléyìí tó máa ń so mọ́ ara bí ìlẹ̀kẹ̀, àti kékeré dúdú tó máa ń fò. Ó ní oògùn kan wà tí kì í ṣe àmu, tí kì í ṣe abẹ́rẹ́, ṣe la máa ń kán an sí ẹ̀yìn ọrùn ajá lóṣooṣù, á sì pa oríṣi méjèèjì.

Àmọ́ ìwọ̀n ajá ló máa sọ irú èyí tí a máa rà. Gbajúmọ̀ kọ̀, kò gun ìwọ̀n. A bẹ̀ ẹ́, a tì í, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọn-in. Dókítà wá ní kí n gbé e dání kí n gun ìwọ̀n, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí èmi nìkan tún gùn ún, a ó yọ tèmi kúrò nínú tiwa méjèèjì. Ni ọmọkùnrin yìí bá ka kílò mi sókè ketekete, níṣojú àwọn tó gbé ewúrẹ́ àti adìẹ wá! Màámi ní, "Háà, o ti sanra tó bẹ́ẹ̀?" Kílò méjìdínlógún ni Gbajúmọ̀. Tèmi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ike kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú páálí. Owó tí mo gbà lórí búláòsì méjì ló bá a lọ. Wọ́n ya ológbò sára páálí náà, wọ́n fi pupa fagi lé e. Màámi ti mú Gbajúmọ̀ jáde síta nígbà tí dókítà ní, "Ajá nìkan o, mà. Tó bá kan ológbò, ó lè pa á." Mo ní mi ò sin ológbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A kán an! Màámi di orí mú, mo ṣẹ́ ẹnu ike, mo tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Irun Gbajúmọ̀ ki bíi kápẹ́ẹ̀tì, oògùn náà sì dúró sórí irun rẹ̀ ó ń dán. Ó gbọn ara wìrìwìrì, díẹ̀ ta sára jígí ojú mi. Ó rùn díẹ̀ o. Kò burú, a ti ṣe é, kí eégbọn máa palẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ ò gbẹ, oníbàárà ò wá, eégbọn méje ni mo kà lára ògiri láàárọ̀ yìí, wọ́n ń gòkè lọ ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Oògùn gbàrọgùdù ni ọmọdé yẹn tà fún mi! Lọ́la, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sẹ́nu láti ilé. Bí mo ṣe wọlé ni mo bẹ̀rẹ̀. Dókítà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá bi mí pé, "Ẹ wẹ ajá yìí?"

Mo ní, "Rárá o! Ta ló máa wẹ̀ ẹ́?"

Màámi wúkọ́. Wọ́n ń wo àjà. Wọ́n ní, "Àràárọ̀ ni mò ń wẹ̀ ẹ́."

"Màámi!"

"Ó ń rùn! Ṣé èmi tí mo fọ aṣọ ilé ìwòsàn fún ọgbọ̀n ọdún, tí dókítà àgbà ń fi aṣọ mi júwe funfun, ni ajá máa rùn mọ́ lọ́wọ́ nínú ilé ọmọ mi? Mo fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, mo tún fi omi tútù ṣan án lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ara mi tutù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, ohun tí kì í rọrùn fún mi. Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní inú ọ̀rá ara ajá ni oògùn yẹn ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń rìn dé ìrù, dé etí. A ò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, a ò sì gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà ṣì í ṣe: orí irun ni mo kán an sí, awọ ara ló yẹ kó kàn, láàárín èjìká méjèèjì, níbi tí ẹnu ajá ò lè dé. Ó ní ká má tíì kán òmíràn, ó di ọjọ́ kejìlélógún, kó má baà pọ̀ jù fún un. Kí ó tó dìgbà náà, ká fi omi gbígbóná fọ gbogbo ohun tí ajá ń sùn lé, nítorí ibẹ̀ lẹyin wọn wà.

Màámi tún ìjókòó ṣe. "Omi gbígbóná? Ṣé èyí tó ń hó?"

"Èyí tó ń hó, mà."

Inú wọn dùn délé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò sóhun tí Màámi ò tíì bọ̀ nílé yìí tán àfi èmi. Ẹní ajá, aṣọ ìbora, tìmùtìmù, bàtà ìwọnú ilé. Wọ́n bọ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ náà! Mi ò mọ̀, mo wọn oníbàárà mẹ́rin láàárọ̀, gbogbo wọn ló ti sanra. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà tí mo fi téèpù náà lé etí tábìlì ni mo rí i pé ó ti súnkì. Mo sáré ra tuntun, mo sì ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ẹni tó fẹ́ sunkún yẹn dì mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ wa la fi ṣe é. Mo fi ìyarun onírù la irun Gbajúmọ̀ sí méjì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń la aṣọ tí mo fẹ́ gé, Màámi fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ mú apá ọ̀tún, wọ́n fi òmíràn mú tòsì. Awọ ara yọ, funfun báláú. Mo gbé ẹnu ike lé e gan-an, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tán, mi ò sì jẹ́ kó ṣàn. Gbajúmọ̀ dúró jẹ́ẹ́, pẹ́ẹ̀gì méjì lọ́rùn, bí ìyàwó tí wọ́n ń dirun fún. Mo fọ ọwọ́ mi. Màámi jókòó lé ọwọ́ tiwọn, wọ́n ní ó fẹ́ máa yún àwọn láti bomi sí i. Mo ti gbé ọṣẹ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òkú eégbọn mọ́kànlélógún ni mo gbá lónìí. Mo jó.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Òkú méjì péré. Gbajúmọ̀ sùn láti alẹ́ mọ́jú láìyún ara. Màámi náà sùn. Oorun wọn yẹn, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Inú mi bàjẹ́. Àwọn tó ń fò ti dé padà, ààyè ni wọ́n. Mo tẹ aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ajá, mẹ́ta fò sórí rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ibo ni wọ́n ń gbà wọlé? A ò wẹ̀ ẹ́, a kán an síbi tó yẹ, a bọ gbogbo nǹkan. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù.

Màámi fa báàgì wọn jáde. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn sínú báàgì. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún lẹ́yìn àwọn aṣọ tí mo gbé kọ́, mo sì nu ojú mi kí oníbàárà tó wọlé.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ti rí wọn! Iná lọ lọ́sàn-án, mo gòkè kí n lọ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú, kí ni mo rí? Sísí, ológbò Ìyá Onílé, ló na gbalaja sórí ẹní Gbajúmọ̀, ó gbé ikùn sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yún etí, fáún, fáún, fáún! Gbajúmọ̀ alára wà lórí sìmẹ́ǹtì lásán, ó ń wò ó bí onílé tí àlejò gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé láti orí páànù. Mo fi ìyarun ya ẹ̀yìn rẹ̀ sórí aṣọ funfun, nǹkan dúdú wínníwínní já bọ́. Mo wọ́n omi sí i, ó di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìgbẹ́ eégbọn ni. Kí n tó sọ pé kí ni mo rí, eégbọn fúnra rẹ̀ ti fò bọ́ sí mi lápá.

Àṣé àwa ń lé e jáde lójú ilẹ̀kùn, òmíì ń wọlé lójú fèrèsé! Àmọ́ ta ló máa sọ fún Ìyá Onílé pé Sísí tí ń bá wọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ló ní eégbọn? Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá já a. Adìẹ náà rèé, ó ń kọ ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ kí n sọ fún wọn. Wọ́n fún mi ní àga. Mo bi wọ́n léèrè orí òrùlé. Mo padà wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo tún lọ. Sísí wà lórí itan wọn, wọ́n ń pè é ní ọmọ mi àtàtà. Mo ní òjò ọdún yìí pọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojo ni mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i, màá wá bí màá ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje



Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wá páálí oògùn kí n wo ọjọ́ tó yẹ ká kán èyí tó kù. Páálí ṣófo. Mo ní, "Màámi, ike kẹta ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Mo ti fún Ìyá Onílé. Mo ní Sísí ń yún ara, kí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ gan-an ni."

"Fún ológbò?"

"Ṣé kì í ṣe ẹran ni gbogbo wọn?"

Mi ò rántí pé mo wọ bàtà. Mi ò rántí àtẹ̀gùn. Mo ṣáà mọ̀ pé mo já wọ yàrá Ìyá Onílé láìkanlẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, Sísí wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, pẹ́ẹ̀gì méjì ti wà lára irun rẹ̀. Màámi ti kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ náà láìku ẹyọ kan! Wọ́n ti ṣẹ́ ẹnu ike, wọ́n ti gbé e sókè.

Mo ké, "Ẹ má kán an! Ẹ má kán an, ó máa pa á!"

Mo bẹ́ gìjà, mo gba ike náà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́. Sísí fò sórí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì méjèèjì. Ìyá Onílé la ẹnu, wọn ò lè pa á dé.

Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣàlàyé: oògùn ajá ni, ẹ̀jẹ̀ ológbò ò gbà á, ó máa ń gbọ̀n rìrì ni kó tó kú. Mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé ìyá rẹ ò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn, àánú ló ṣe wọ́n. Èmi ni mi ò sọ fún wọn ohun tí dókítà sọ."

"Ìwọ mọ̀ pé Sísí ní eégbọn?"

Irọ́ ò yá mi lẹ́nu. Mo ní, "Láti ọjọ́bọ̀, mà."

"O wá síbí lẹ́ẹ̀mejì, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò."

Mo dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí pé obìnrin ni mí, mo yáa sọ ọ́ di ìkúnlẹ̀. Ni Ìyá Onílé bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín, Sísí ń wò wá láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé orí wa ò pé. Àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ jáde, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ṣì ni o. Ohun tí mo bá ti fi ẹnu mi sọ, mi kì í kó o jẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Gbogbo wa la lọ sọ́dọ̀ dókítà: Ìyá Onílé, Màámi, èmi, àti Sísí nínú agbọ̀n. Ológbò ní tiẹ̀, ike tó tínrín ju ti ajá lọ. Dókítà kán an fúnra rẹ̀ sí ìdí orí rẹ̀, níbi tí ahọ́n rẹ̀ ò lè dé. Sísí ha á lápá. Mo ra ti Gbajúmọ̀ tuntun dípò èyí tó dà, ó di ọjọ́ kejìlélógún ká tó kán an. Màámi ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá Onílé síta láti fi omi tó ń hó kọlù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo tẹ aṣọ funfun síbi mẹ́rin. Ẹyọ kan fò. Ẹyọ kan náà ti tó láti lé wa. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aago mẹ́rin ni Ìyá Onílé gòkè. Wọ́n wọ jígí, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n mú ìyarun tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra lọ́wọ́ kejì. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́ aṣọ funfun tuntun, Gbajúmọ̀ dúró lé e. Màámi di ọrùn rẹ̀ mú.

Ìyá Onílé ya etí, wọ́n ya ẹ̀yìn, wọ́n ya abẹ́ apá, wọ́n tan iná sí àárín ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá dé ìdí ìrù. Wọ́n fa ìyarun, nǹkan dúdú kan já bọ́ sórí aṣọ funfun!

Ìyá Onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tan iná sí i. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní abẹ́rẹ́. Mo yọ ọ̀kan láti àyà aṣọ mi, wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ yí nǹkan náà síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kò mira. Ó ti gbẹ.

Wọ́n nà ró. Wọ́n ní, "Òkú ni. Òkú kì í ṣe ayálégbé." Wọ́n yọ jígí, wọ́n sì fọwọ́ pa Gbajúmọ̀ lórí. "Ẹ máa bá ajá yín gbé, Màmá. Sísí ń wá a láti àárọ̀, ẹ ṣí fèrèsé fún un."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé Màámi máa sunkún, tàbí kí wọ́n dúpẹ́, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń tú báàgì, tí wọ́n ń to aṣọ sínú àpótí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí.

Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ta sí wọn lójú. Wọ́n ní, "Oṣù mẹ́rin tí mo ti wà níbí, ìwọ tí o ń ránṣọ fún gbogbo ayé, mi ò ní kọ́tìnì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ẹni nìyí?"

Ilé ẹni.

Mo ní, "Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, mà?"

"Èyí tí ò ní ṣá bí mo bá bọ̀ ọ́."

Mo wọn fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí omi ojú ò jẹ́ kí n rí nọ́ńbà.